Tábìlì rẹpẹtẹ, àtúnṣe kíákíá: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ALTER TABLE

Ẹ̀yin tí ẹ ní tábìlì tí ìlà inú rẹ̀ ti wọ mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n wá ní kí ẹ fi òpó kan kún un kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. ALTER TABLE ni àṣẹ tí à ń fi tún bí tábìlì dátábéèsì ṣe rí ṣe. Nínú àwọn dátábéèsì, MySQL (pẹ̀lú InnoDB, apá rẹ̀ tó ń tọ́jú ìlà) àti PostgreSQL ni mo gbájú mọ́, torí àwọn ni ìbéèrè máa ń pọ̀ lé lórí jù. Oracle àti SQL Server náà á yọjú níparí.

Kí ló ń mú ALTER TABLE pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Lọ́pọ̀ ìgbà, dátábéèsì kì í tún tábìlì yẹn ṣe níbi tó wà. Ó máa ń dá tábìlì òfìfo mìíràn sílẹ̀, á kó ìlà kọ̀ọ̀kan lọ síbẹ̀, á tún gbogbo índẹ́ẹ̀sì (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ìlà) kọ́ láti ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa wá fún tuntun ní orúkọ ti àtijọ́, tí á sì da ti àtijọ́ nù. Bí MySQL ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àtúnṣe nìyẹn kí ẹ̀dà 5.6 tó jáde ní 2013. Bó bá sì ti ń ṣe é lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan kan sínú tábìlì náà.

Kíkó ìlà gan-an kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Ìdí índẹ́ẹ̀sì ni ọ̀rọ̀ wà. Bí índẹ́ẹ̀sì bá ṣì gba inú mẹ́mórì, iṣẹ́ á máa yára. Tó bá ti wá tóbi ju mẹ́mórì lọ, ìlà kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé á máa fa ojúewé mìíràn jáde láti orí díìsìkì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tó ń sáré tẹ́lẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìdí nìyí tí ìdajì àkọ́kọ́ fi lè parí ní ogún ìṣẹ́jú kí ìdajì kejì sì gba wákàtí mẹ́ta.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ ra sáfà tó tóbi sí i, nǹkan méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ṣé àtúnṣe yìí á fọwọ́ kan gbogbo ìlà? Ta ni á sì dí lọ́nà nígbà tó bá ń ṣe é? Kò sí àtúnṣe tó yára tó èyí tí kò fọwọ́ kan ìlà kankan.

Àtúnṣe wo ni kì í fọwọ́ kan ìlà?

Ní MySQL, láti ẹ̀dà 8.0.12 (2018), ẹ lè fi òpó tuntun sí ìparí tábìlì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ti wù kí tábìlì náà tóbi tó. Ohun tó ń ṣe ni pé ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń mọ bí tábìlì ṣe rí. Àwọn ìlà àtijọ́ wà bí wọ́n ṣe wà. Láti 8.0.29 (2022), ibi tó bá wù yín ni ẹ lè fi òpó náà sí, ẹ sì lè yọ òpó kúrò lọ́nà kan náà. Yíyí orúkọ òpó padà, yíyí iye àkọ́kọ́ rẹ̀ (DEFAULT, iye tó ń gbà bí ẹnikẹ́ni kò bá fún un ní iye) padà, àti fífi ọ̀rọ̀ tuntun sí ìparí ENUM (òpó tí àkójọ ọ̀rọ̀ tó lè gbà ti wà ní pàtó) kì í fọwọ́ kan ìlà bákan náà.

Ó ní ààlà o. Ní 8.0, ìgbà 64 ni irú àfikún tàbí ìyọkúrò bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí tábìlì kan kí ó tó di dandan pé kí ẹ tún un kọ́. Iye tó ti lọ wà nínú òpó `TOTAL_ROW_VERSIONS` ní `INFORMATION_SCHEMA.INNODB_TABLES`. Tábìlì tí ẹ fún pọ̀ pẹ̀lú `ROW_FORMAT=COMPRESSED`, tàbí tó ní índẹ́ẹ̀sì FULLTEXT (tí à ń fi wá ọ̀rọ̀ nínú àkọsílẹ̀), kò sí nínú àǹfààní yìí.

Ní PostgreSQL, fífi òpó tí kò ní iye àkọ́kọ́ kún tábìlì ti máa ń yára láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀dà 11 (2018) ló wá jẹ́ kí èyí tó ní iye àkọ́kọ́ náà máa yára, bí iye náà kò bá ti ní yàtọ̀ láti ìlà dé ìlà. Ibi tó ti ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí: `DEFAULT now()` kò ní pẹ́, torí ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n `DEFAULT clock_timestamp()` tàbí `DEFAULT gen_random_uuid()` á tún gbogbo tábìlì kọ, torí pé ìlà kọ̀ọ̀kan ní láti ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yàtọ̀ nínú àṣẹ yín, ó sì lè di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ṣé mo lè mọ̀ ṣáájú bóyá á pẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní MySQL, ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ kó gbà sínú àṣẹ náà fúnra rẹ̀:

`ALTER TABLE isanwo ADD COLUMN akiyesi VARCHAR(50), ALGORITHM=INSTANT;`

Bí kò bá lè ṣe é lọ́nà yẹn, á kọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ wá gbìyànjú `ALGORITHM=INPLACE, LOCK=NONE`, tí kì í dá àwọn tó ń kọ dúró. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà COPY ló kù, ìyẹn kíkó gbogbo rẹ̀ àti dídá àwọn tó ń kọ dúró. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, MySQL á yan ọ̀nà tó lè gbà, á sì lè yọ́ lọ sí COPY láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, kò yẹ kí ALTER kankan dé sáfà gidi láìní ALGORITHM nínú.

PostgreSQL kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà. Ẹ ṣe tábìlì òfìfo tó rí bíi ti gidi sórí sáfà ìdánwò, kí ẹ fi `SELECT pg_relation_filenode('isanwo');` wo nọ́ńbà fáìlì rẹ̀. Ẹ ṣe àtúnṣe náà, kí ẹ tún wò ó. Bí nọ́ńbà bá ti yí padà, tábìlì ni ó tún kọ, bó sì ṣe máa ṣe é fún èyí tó ní ìlà mílíọ̀nù lọ́nà igba náà nìyẹn. Bí kò bá yí padà, ó ṣì lè jẹ́ pé á ka gbogbo ìlà láti yẹ̀ wọ́n wò, bíi ti NOT NULL tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

Mo kàn fẹ́ fẹ VARCHAR (òpó ọ̀rọ̀ tó ní ààlà gígùn) lójú díẹ̀. Kí ló lè pẹ́ níbẹ̀?

Ní PostgreSQL, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, láti 9.2. Kí ẹ máa dín in kù ni ìjàngbọ̀n.

Ní MySQL, báìtì ni kí ẹ kà, ẹ má ka lẹ́tà. Òpó tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò lè ju báìtì 255 lọ máa ń fi báìtì kan ṣoṣo kọ gígùn ọ̀rọ̀. Èyí tó bá lè jù bẹ́ẹ̀ ń lo méjì. Bí ìfẹ̀lójú yín bá ré kọjá ààlà yẹn, gbogbo ìlà ló máa tún kọ. Nínú utf8mb4 (ọ̀nà kan tí à ń gbà fi báìtì kọ lẹ́tà), lẹ́tà kan lè gba báìtì mẹ́rin. Nítorí náà VARCHAR(63) jẹ́ 252, VARCHAR(64) jẹ́ 256. Láti 40 lọ sí 63, ojú ẹsẹ̀ ni. Láti 63 lọ sí 64, ẹ fọkàn balẹ̀ kí ẹ máa wò ó. Láti 64 lọ sí 500, ojú ẹsẹ̀ tún ni. Bí ẹ bá ń dá tábìlì tuntun sílẹ̀ lónìí, tí ẹ sì ń ronú VARCHAR(50), ẹ kúkú fún un ní 64 láti ìbẹ̀rẹ̀.

INT mi ti fẹ́ tán. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di BIGINT?

Èyí ni ìbéèrè tó le jù lójú ewé yìí. INT, irú òpó tó ń gba nọ́ńbà odindi, máa ń dópin ní 2,147,483,647; BIGINT gba èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bó bá dé ibẹ̀, ìlà tuntun kankan kò ní wọlé mọ́. Ní oṣù kọkànlá 2018, Basecamp, áàpù tí àwọn ènìyàn fi ń ṣètò iṣẹ́, bá irú rẹ̀ pàdé, kíkà nìkan ni àwọn oníbàárà wọn sì lè máa ka nǹkan fún wákàtí bíi márùn-ún, wọn kò lè kọ nǹkan kan, torí pé òpó nọ́ńbà ìdánimọ̀ nínú tábìlì wọn kan ti kún.

Kò sí ọ̀nà àbùjá. MySQL kì í yí irú òpó padà àyàfi pẹ̀lú COPY. PostgreSQL á tún gbogbo tábìlì kọ, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á pàápàá. Àwọn kan á ní kí ẹ sọ ọ́ di INT UNSIGNED ní MySQL, torí ìyẹn dé 4,294,967,295. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n COPY kan náà ló máa gbà, nítorí náà kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?

Ohun tí à ń ṣe ni pé kí a pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Ní PostgreSQL, ó máa ń lọ báyìí. Ẹ fi òpó BIGINT tuntun kún tábìlì, ká pè é ní `id_tuntun`. Ìyẹn kì í gba àkókò. Ẹ fi trigger (àṣẹ tí dátábéèsì ń ṣe fúnra rẹ̀ bí ìlà bá yí padà) sí i kí ìlà tó bá wọlé tàbí tó bá yí padà máa kọ `id` rẹ̀ sínú `id_tuntun` pẹ̀lú. Ẹ wá máa kún àwọn ìlà àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ (ìbéèrè tó tẹ̀ lé èyí dá lé e). Bó bá pé, ẹ kọ́ índẹ́ẹ̀sì rẹ̀ pẹ̀lú `CREATE UNIQUE INDEX CONCURRENTLY`.

Ó ku NOT NULL, torí kọ́kọ́rọ́ tábìlì (primary key, òpó tó ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀) kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Bí ẹ bá sáré pàṣẹ `SET NOT NULL`, á ka gbogbo tábìlì lábẹ́ àgádágodo (lock) tó le jù, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn kà tàbí kọ. Ẹ gba ẹ̀yìn lọ: `ADD CONSTRAINT ... CHECK (id_tuntun IS NOT NULL) NOT VALID`, ìyẹn kì í pẹ́. Lẹ́yìn náà `VALIDATE CONSTRAINT`, tó ń ka tábìlì ṣùgbọ́n tí kì í dí kíkà tàbí kíkọ lọ́wọ́. Láti ẹ̀dà 12, bí ẹ bá wá pàṣẹ `SET NOT NULL`, á rí i pé CHECK yẹn ti jẹ́rìí sí i, kò sì ní tún kà á mọ́.

Níkẹyìn, nínú transaction (àkójọ àṣẹ tó ń ṣẹ pa pọ̀ tàbí kó má ṣẹ rárá) kan ṣoṣo, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, ẹ pààrọ̀ orúkọ òpó méjèèjì, kí ẹ sì fi `ADD PRIMARY KEY USING INDEX` gbé tuntun dúró. Ẹ má gbàgbé sequence tó ń bí nọ́ńbà náà: ẹ fún òpó tuntun, kí ẹ sì rí i pé ó jẹ́ BIGINT.

Àwọn tábìlì tó ń tọ́ka sí òpó yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ̀. Kò sí àǹfààní nínú pé `isanwo.id` ti di BIGINT nígbà tí `isanwo_id` inú tábìlì mìíràn ṣì jẹ́ INT. Kóòdù náà ń kọ́? Bí áàpù yín bá ń gbé nọ́ńbà náà sínú int oníbíìtì 32, ibẹ̀ ló máa ti fọ́.

Báwo ni mo ṣe máa kún òpó tuntun láì fa wàhálà?

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni UPDATE ẹyọ kan fún gbogbo ìlà. Àwọn sáfà ọmọlẹ́yìn (tó ń ṣe ẹ̀dà ohun tó ń lọ lórí sáfà àgbà) á ṣubú sẹ́yìn, àgádágodo á wà lórí ìlà púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá dá a dúró ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ẹ ti pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ẹ gé e sí ègé, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ tábìlì gé e:

`UPDATE isanwo SET id_tuntun = id WHERE id > 1200000 AND id <= 1205000 AND id_tuntun IS NULL;`

Ẹ parí transaction yẹn, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ bọ́ sí ègé tó kàn. Ẹgbẹ̀rún kan sí márùn-ún ìlà dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ègé kan bá ń gbà ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ, ẹ dín in kù. Ẹ má fi LIMIT pẹ̀lú OFFSET gé e, torí pé bí ẹ bá ṣe ń jìn sí i, dátábéèsì á máa ka gbogbo èyí tí ẹ ti kọjá kó tó dé ibi tí ẹ ń lọ. Kí ìlànà (script) yín máa wo bí sáfà ọmọlẹ́yìn ṣe jìn sẹ́yìn tó, kó sì dúró fúnra rẹ̀ bó bá ti jìnnà jù. Ní PostgreSQL, UPDATE kọ̀ọ̀kan máa ń fi òkú ìlà sílẹ̀. Ẹ fún autovacuum láyè láti kó wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tábìlì á wú.

Wọ́n ní ojú ẹsẹ̀ ni àtúnṣe yìí. Kí ló dé tó fi dá gbogbo áàpù dúró?

Kò sí ẹni tí èyí kì í yà lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́. Àtúnṣe tó yára jù lọ náà ṣì ní láti gba àgádágodo lórí tábìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú bíńtín. Bí transaction kan bá wà tó ti ka tábìlì náà láti àárọ̀, tí kò sì tíì parí, ALTER á dúró dè é. Gbogbo SELECT tó bá dé lẹ́yìn ALTER á wá tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó gbé bẹ́ẹ̀dì dúró sẹ́nu ọ̀nà: kò tíì wọlé, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìsopọ̀ tí áàpù ní ti tán sórí ìlà ìdúró.

Ní MySQL, `lock_wait_timeout` ló ń sọ iye àkókò tí ALTER lè fi dúró. Iye tí wọ́n fi sí i láti ilé-iṣẹ́ jẹ́ 31,536,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ọdún kan gbáko nìyẹn. PostgreSQL tirẹ̀ kò fi ààlà sí i rárá. Nítorí náà, kí ẹ tó pàṣẹ:

`SET SESSION lock_wait_timeout = 3;` fún MySQL, tàbí `SET lock_timeout = '3s';` fún PostgreSQL.

Bí kò bá rí àgádágodo gbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á kọ̀, àwọn yòókù á kọjá, ẹ̀yin á sì tún gbìyànjú láìpẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà kékeré kan tó máa ń tún un gbìyànjú fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo `pg_stat_activity` fún èyí tó wà ní `idle in transaction`, tàbí `information_schema.innodb_trx` ní MySQL. Ẹ tún bi ara yín bóyá pg_dump (tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ PostgreSQL) ń lọ lọ́wọ́, torí ó máa ń di àgádágodo kíkà mú lórí gbogbo tábìlì títí tó fi parí.

Kíkọ́ índẹ́ẹ̀sì nìkan ló ń pẹ́ mi. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Mẹ́mórì ni ìdáhùn, torí pé iṣẹ́ títò ni kíkọ́ índẹ́ẹ̀sì. PostgreSQL ń lo `maintenance_work_mem`, tó jẹ́ 64MB bí ẹ kò bá yí i padà. Ẹ gbé e sí 1GB tàbí 2GB fún ìsopọ̀ yẹn nìkan, kí ẹ sì fi `max_parallel_maintenance_workers` kún ju 2 tó wà níbẹ̀ lọ. MySQL láti 8.0.27 ní `innodb_ddl_buffer_size`, tó jẹ́ 1MB péré, àti `innodb_ddl_threads` (iye okùn iṣẹ́ tó ń ṣe é pa pọ̀), tó jẹ́ 4. Mẹ́gábáìtì kan láti fi to índẹ́ẹ̀sì tábìlì 300GB! Àwọn okùn iṣẹ́ yẹn ló tún máa pín in láàárín ara wọn. Ẹ rántí gbé `innodb_parallel_read_threads` sókè pẹ̀lú.

`CREATE INDEX CONCURRENTLY` kò yára ju ti gbogbogbòò lọ, ó pẹ́ jù ú lọ ni, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ka tábìlì. Ohun tí ẹ ń rà ni pé ẹnikẹ́ni kò ní dúró. Bó bá kùnà láàárín, á fi índẹ́ẹ̀sì aláìlérè tí wọ́n kọ INVALID sí lára sílẹ̀, tí á sì máa fa kíkọ sẹ́yìn láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní àtúnṣe márùn-ún. Ṣé kí n pa wọ́n pọ̀?

Bí gbogbo wọn bá máa tún tábìlì kọ, bẹ́ẹ̀ ni, sínú ALTER kan ṣoṣo, kí ó lè kó ìlà lẹ́ẹ̀kan péré. Bí mẹ́rin bá jẹ́ ti ojú ẹsẹ̀, tí ìkarùn-ún sì jẹ́ COPY, ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀, torí èyí tó pẹ́ jù ni gbogbo wọn á máa bá rìn.

Ìgbà wo ni mo nílò gh-ost tàbí pt-online-schema-change?

Nígbà tí ẹ bá wà lórí MySQL, tí àtúnṣe yín kò lè gba INSTANT, tí ẹ sì ní sáfà ọmọlẹ́yìn. Apá kẹta yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. ALTER tó bá gba wákàtí mẹ́ta lórí sáfà àgbà, ìgbà tó bá parí ló máa bẹ̀rẹ̀ lórí ọmọlẹ́yìn, á sì gba bíi wákàtí mẹ́ta mìíràn níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọmọlẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan nípa ohun tó ń lọ. Nítorí náà LOCK=NONE lè dára fún sáfà àgbà, kó sì jẹ́ ìyọnu fún àwọn yòókù.

Irinṣẹ́ méjèèjì ń ṣe tábìlì tuntun, wọ́n ń kó ìlà lọ ní ègé kéékèèké, wọ́n sì ń dúró bí ọmọlẹ́yìn bá ti jìn sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbá ohun tó ń yí padà lọ́wọ́ mú. pt-online-schema-change, ti Percona, ń fi trigger sórí tábìlì, nítorí náà gbogbo kíkọ di méjì. gh-ost, tí GitHub gbé jáde ní 2016, ń ka binlog (ìwé tí MySQL ń kọ gbogbo ohun tó yí padà sí), tó gbọ́dọ̀ wà ní ìlànà ROW. Kò fi ẹrù kún transaction yín, ẹ sì lè dá a dúró pátápátá láàárín iṣẹ́ kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í gba tábìlì tó ní foreign key (òfin tó so òpó kan mọ́ ìlà inú tábìlì mìíràn). Bí tèmi bá ni, gh-ost ni mo máa kọ́kọ́ gbé, àyàfi bí foreign key bá wà. Ẹ mọ̀ o, àpapọ̀ àkókò tí wọ́n ń gbà sábà máa ń ju ti ALTER lásán lọ.

Foreign key tuntun ń kọ́?

PostgreSQL: `NOT VALID` lákọ̀ọ́kọ́, `VALIDATE CONSTRAINT` lẹ́yìn náà. MySQL: ó lè jẹ́ INPLACE kìkì bí ẹ bá ti pa `foreign_key_checks`, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé kò ní yẹ àwọn ìlà àtijọ́ wò. Ẹ fi ọwọ́ ara yín wá àwọn ìlà tí kò ní òbí ṣáájú.

Àyè díìsìkì mélòó ni mo nílò?

Bí ó bá máa tún tábìlì kọ, ẹ ní àyè tó tó tábìlì àti gbogbo índẹ́ẹ̀sì rẹ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e. Ní MySQL, àwọn fáìlì títò máa ń lọ sí `tmpdir`, tó sábà kéré. `Innodb_tmpdir` ni ẹ lè fi darí wọn sí ibòmíràn. INPLACE tún ní ìwé kékeré tó fi ń kọ ohun tó yí padà nígbà iṣẹ́, `innodb_online_alter_log_max_size`, 128MB. Bí kíkọ bá pọ̀ tó fi kún, gbogbo ALTER á kùnà, bó tilẹ̀ ku díẹ̀ kó parí. Lórí tábìlì tí ọwọ́ kì í kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e sí gígábáìtì mélòó kan ṣáájú.

Ṣé mo lè rí ibi tó dé?

MySQL: `performance_schema.events_stages_current`, fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `stage/innodb/alter table`. `WORK_COMPLETED` àti `WORK_ESTIMATED` wà níbẹ̀. PostgreSQL láti 12: `pg_stat_progress_create_index`, fún índẹ́ẹ̀sì nìkan.

Oracle àti SQL Server ń kọ́?

Oracle ní DBMS_REDEFINITION, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí gh-ost ń ṣe láti inú dátábéèsì fúnra rẹ̀. Láti 11g, fífi òpó NOT NULL tó ní iye àkọ́kọ́ kún tábìlì kì í fọwọ́ kan ìlà. 12c fi èyí tó lè ṣófo kún un. SQL Server ṣe bákan náà láti 2012, ṣùgbọ́n nínú irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Enterprise ni. Kíkọ́ índẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú `ONLINE = ON` náà, Enterprise ló wà fún, nítorí náà ẹ wo irú èyí tí ẹ ní kí ẹ tó ṣèlérí ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.